Ìrẹ̀lẹ̀ àti Ìgbéraga: Láti Ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther dé Peckham

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá èyíkéyìí ní Peckham lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó gbọ́ wọn kí ìsìn tó parí: ìrẹ̀lẹ̀ àti ìgbéraga. Oníwàásù á mẹ́nu bà á. Ẹni tó ń gbàdúrà á mẹ́nu bà á. Ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà pé kò kí àgbà dáadáa, òun náà á mẹ́nu bà á. Mi ò fẹ́ wàásù, torí èmi kì í ṣe pásítọ̀, olùkọ́ èdè ni mí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n mú yín rìn nínú ìtàn díẹ̀, kí ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ méjì yìí ti dá ìjà ńlá sílẹ̀ rí láàárín àwọn Onígbàgbọ́ Yorùbá àti àwọn òyìnbó, kí a tó bí bàbá àgbà yín, àti pé òórùn ìjà náà ṣì wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú àwọn ọ̀rọ̀ náà wò. Ìgbéraga kò le rárá: ì, gbé, ara, ga. Ẹni tó gbé ara rẹ̀ ga ni onígbéraga. Ìrẹ̀lẹ̀ ní tirẹ̀ ní ilẹ̀ nínú. Onírẹ̀lẹ̀ ni ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ nípa ara ni méjèèjì? Ọ̀kan ń lọ sókè, èkejì ń lọ sílẹ̀. Yorùbá kò fi ìrẹ̀lẹ̀ pamọ́ sínú ọkàn níbi tí ojú kò ti lè tó o. Ìdọ̀bálẹ̀ ni, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì tí a fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà ni. Ìdí nìyí tí ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù fi lè ní ọkàn tó dára, kí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì máa pè é ní onígbéraga, kìkì nítorí pé ó dúró ṣánṣán nígbà tó ń kí wọn.

Ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ jù lọ láti mú irú ọ̀rọ̀ báyìí wọ inú Bíbélì Yorùbá ni Samuel Àjàyí Crowther. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì díẹ̀díẹ̀ títí odidi rẹ̀ fi jáde ní 1884. Àwọn àgbà ló ń tẹ́tí sí kó tó yan ọ̀rọ̀, ó sì ń kó òwe jọ bí ẹni ń kó owó ẹyọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ìgbésí ayé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó le jù nípa ìrẹ̀lẹ̀ tí mo mọ̀ nínú ìtàn wa, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ó, torí kò rọrùn bí àwọn oníwàásù ṣe máa ń sọ ọ́.

N ó sáré kọjá lórí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ yín ti mọ̀ ọ́n. Òṣogùn ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon, tí Henry Leeke jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Freetown, ní Sàró. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi ní 1825. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827. Ní 1843, Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù fi í jẹ àlùfáà. Ó padà sí ilẹ̀ Yorùbá, àti ní Abẹ́òkúta, ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó tún fojú kan ìyá tó bí i, Afala, lẹ́yìn ọdún 25.

Ní 1851, wọ́n mú un lọ rí Ọbabìnrin Victoria. Ẹ gbọ́ èyí, torí ó dùn mọ́ni. Àjàyí ń fi ọwọ́ tọ́ka sí àwòrán ilẹ̀ fún Albert, ọkọ Ọbabìnrin, ó ń ṣàlàyé òwò ẹrú ní Èkó àti Abẹ́òkúta fún un. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè ìbéèrè, Àjàyí sì ń dá a lóhùn láìmọ̀ pé Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tó wá mọ̀, ara rẹ̀ gbọ̀n. Wọ́n ní kó ka Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá, ó kà á, Ọbabìnrin sì yin èdè náà pé ó dùn-ún gbọ́ létí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ Àjàyí nìkan ló fà á, ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọkùnrin jẹ́jẹ́ yìí kò ní agbára kankan. Àwọn tó ń ṣe ìjọba ń gbọ́ ohun tó bá sọ.

Ó wá ku 1864. Henry Venn, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ CMS, gbà pé àwọn ọmọ Áfíríkà ló yẹ kó máa darí ìjọ Áfíríkà, kí wọ́n máa bọ́ ọ fúnra wọn, kí wọ́n máa tàn án kálẹ̀ fúnra wọn. Ó ní Àjàyí ló máa jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àjàyí ní òun kọ́. Ó kọ̀, ó tún kọ̀. Venn ní láti bẹ̀ ẹ́ bí bàbá ṣe ń bẹ ọmọ kó tó gbà. Ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tún wà tó sọ pé kò yẹ kó jẹ ẹ́, ìdí tirẹ̀ sì yàtọ̀. Henry Townsend ni, míṣọ́nnárì tó jọ wọ Abẹ́òkúta pẹ̀lú Àjàyí ní 1846, òun náà ló dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní 1859. Ó ní àwọn ará ìlú kò ní bọ̀wọ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹnìkan ní òun kò tó o, ẹlòmíràn ní kò tó o. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹnu méjèèjì sọ, ṣùgbọ́n ọkàn tó ti jáde wá kò jọra.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864, wọ́n fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury. Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ tó gbà á sílẹ̀, wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí arúgbó. Obìnrin tó kọ́ ọ ní A, B, D ní Sàró wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ àgbègbè tó máa ṣe olórí rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gé e: gbogbo Áfíríkà ìwọ̀-oòrùn tí kò sí lábẹ́ ìjọba Ọbabìnrin, ṣùgbọ́n kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Abẹ́òkúta, kì í ṣe Ìbàdàn. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá di bíṣọ́ọ̀bù, wọn kò sì fún un ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó gba èyí náà, ó kọjú sí Odò Ọya, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún tó lé ní 25, ní Ọ̀níṣà, ní Lọ́kọ́jà, ní Bonny, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná gan-an nìyí. Venn kú ní 1873. Àwọn tó jókòó sí àyè rẹ̀ kò ní irú ìgbàgbọ́ tó ní nínú àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní àsìkò yẹn náà, àwọn ọ̀dọ́ kan jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú iná ìgbàgbọ́ nínú wọn. Láti 1875 ni àwọn Onígbàgbọ́ kan ti ń péjọ lọ́dọọdún ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Keswick, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn pé kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ pátápátá fún Ọlọ́run, kó kú sí ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìrẹ̀lẹ̀ ni, ẹ ò rí i bí? Àwọn tó mu nínú omi yìí ni Graham Wilmot Brooke, tí wọ́n bí ní 1865, àti J. A. Robinson. Wọ́n dé Odò Ọya, wọ́n bọ́ aṣọ òyìnbó, wọ́n wọ aṣọ bíi ti àwọn Haúsá, wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilẹ̀ náà, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bo àwọn. Tó bá jẹ́ pé ojú ni a fi ń mọ ìrẹ̀lẹ̀, ta ló tún lè rẹlẹ̀ jù wọ́n lọ?

Ṣùgbọ́n wọn kò lè jókòó sábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí wọ́n ṣe ń rí àwọn òṣìṣẹ́ Crowther, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sílé. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ o: àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà hùwà tí kò dára, àwọn kan ń ṣòwò níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa wàásù, bàbá sì jẹ́ ẹni tó máa ń tètè dárí jini. Ẹ̀sùn yẹn kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà kò wá láti tún un ṣe pẹ̀lú bàbá. Wọ́n wá láti gbá gbogbo rẹ̀ dànù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ jókòó ní Ọ̀níṣà. F. N. Eden, akọ̀wé, kéde pé òun ti dá àwọn àlùfáà kan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Dandeson Crowther, áṣídíákónì, ọmọ tí Bíṣọ́ọ̀bù bí, wà lára wọn. Bàbá béèrè pé àṣẹ wo ni akọ̀wé ní láti dá àlùfáà dúró nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù wà níjòókòó. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó na ọwọ́. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní oṣù keje 1891, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891.

Robinson ti kú ní Lọ́kọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Brooke tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta 1892. Àìsàn ló pa á, bó ṣe ń pa ọ̀pọ̀ òyìnbó ní Odò Ọya nígbà náà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan tí wọ́n sọ ọ́ di ìtàn ẹ̀san. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n gbà pé ohun tó tọ́ ni àwọn ń ṣe, ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn bani nínú jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń gbéraga lè ronú pìwà dà. Àmọ́ ẹni tó bọ́ bàtà, tó bọ́ aṣọ, tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, tó wá gbà pé òun ti rẹ ara òun sílẹ̀ tán, ta ni yóò sọ fún un?

Ìbéèrè kejì wà tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọn kì í sì fẹ́ràn rẹ̀: ṣé ìrẹ̀lẹ̀ Crowther kò pọ̀ jù? Nígbà tí wọ́n gé ilẹ̀ Yorùbá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1864, ìbá ti pariwo. James Johnson, àlùfáà Breadfruit ní Èkó, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Holy Johnson, ìbá pariwo. Ọkùnrin náà kì í rọra sọ̀rọ̀ sí òyìnbó tó bá rẹ́ ọmọ Áfíríkà jẹ. Àwọn onítàn wa ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ìgbà pípẹ́. Ẹ ka ìwé J. F. Adé Àjàyí lórí àwọn míṣọ́nnárì, tó jáde ní 1965, kí ẹ sì ka ti E. A. Ayándélé tó tẹ̀ lé e ní 1966, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra. Èrò tèmi ni pé àwọn tó ń pè é ní ojo kò wo òpin rẹ̀ dáadáa. Ní Ọ̀níṣà, kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló fi dá wọn lóhùn, ó sì jáde. Ní àwọn oṣù tó kù nínú ayé rẹ̀, ó ń ti àwọn ìjọ etí òkun lẹ́yìn kí wọ́n lè máa bọ́ ara wọn láìgbẹ́kẹ̀ lé owó CMS. Ní 1892, lẹ́yìn ikú rẹ̀, Dandeson àti àwọn ìjọ náà kéde pé àwọn ti dá dúró. Onírẹ̀lẹ̀ lè mọ ibi tí ilẹ̀ òun pin sí.

Ní Èkó, àwọn kan kò dúró de ikú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1891 ni wọ́n dá ìjọ United Native African Church sílẹ̀. Òyìnbó ni CMS fi rọ́pò Crowther. Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips kàn di olùrànlọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ó di 1952, nígbà tí A. B. Akínyẹlé di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn, kí ọmọ Yorùbá tó tún ní àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nílé. Ẹ fi 1891 yọ kúrò nínú 1952, ẹ ó rí iye ọdún tí ìgbéraga ọjọ́ kan ní Ọ̀níṣà jẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2014, tó pé 150 ọdún tí Crowther joyè, wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury kan náà, Justin Welby, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà nígbà náà, sì tọrọ àforíjì lórí bí wọ́n ṣe da bàbá náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹta 2017, ní Southwark, wọ́n fi Woyin Karowei Dorgu jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Woolwich. Ọmọ Ijaw ni, láti agbègbè etí òkun tí Odò Ọya ti ń wọ òkun, dókítà oníṣègùn tó kàwé ní Yunifásítì Èkó. Peckham wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án 2023.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Peckham, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá tí ẹ ó rí kò sí lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó kankan. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn Aládùúrà ló kọ́kọ́ dé. Nílé, ní 1925, Moses Orímọládé, ọmọ ìdílé ọba Ìkàrẹ́, àti ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Christianah Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, dá ẹgbẹ́ tó di Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Aṣọ funfun, kò sí bàtà. Adájọ́ àti alápatà, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀ dúró níwájú Ọlọ́run. Ẹ̀kọ́ ìrẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ojú lè kà ni. Kò pé ọdún márùn-ún, ẹgbẹ́ náà ti pín. Ní 1929, Bàbá Aládùúrà lọ tirẹ̀, Kápútéènì Abíọ́dún lọ tirẹ̀, àwọn mìíràn tún ya lẹ́yìn wọn. Ta ni olórí? Ìbéèrè tó dá Ọ̀níṣà rú náà ni, láìsí òyìnbó kankan níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kí ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé òyìnbó ló ni ìgbéraga, àwa la ni ìrẹ̀lẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn ọmọ Yorùbá tó wá kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù wọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rí i pé ojú tí wọ́n fi wò wọ́n kò gbóná. Àwọn tó kọ́ wọn ní ìgbàgbọ́ kò fẹ́ bá wọn jókòó lórí àga kan. Ní 1964, Adélékè Adéjọbí, tó wá kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Glasgow, bẹ̀rẹ̀ ìsìn Ìjọ Olúwa ti Aládùúrà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Oshitelu olùdásílẹ̀ kú ní 1966, òun ló rọ́pò rẹ̀. Ní 1965, àwọn ènìyàn méje bẹ̀rẹ̀ Kérúbù àti Séráfù níbí. Láti oríṣiríṣi ẹ̀ka tó ti pín nílé ni wọ́n ti wá, wọ́n sì gbà láti jọ sin Ọlọ́run lábẹ́ òrùlé kan. Òtútù ìlú òyìnbó máa ń mú kí ènìyàn gbàgbé ẹni tó bá a jà nílé. Hermione Harris ti kọ ìwé odidi kan nípa ìjọ náà, ó jáde ní 2006, ẹ wá a kà.

Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé SAP ba náírà jẹ́ ní Nàìjíríà, àwọn tó ń bọ̀ pọ̀ sí i. Àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì náà dé. Ilé ìkẹ́rù tó ti pa tì, yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù, gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo rẹ̀ di ilé àdúrà. Nígbà tí Yunifásítì Roehampton ṣe ìwádìí tó jáde ní 2013, ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú 240 ni wọ́n kà ní Southwark nìkan, Peckham sì ni wọ́n pọ̀ sí jù.

Ọ̀rọ̀ oyè wá dé. Àwọn òǹkàwé kan máa ń fi àwọn ìjọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́: Díkínnì, Ẹ́údà, Apọ́sítélì, Apọ́sítélì Àgbà, Bíṣọ́ọ̀bù tí ọmọ ìjọ rẹ̀ kò ju ogójì lọ, àwòrán pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ lára ògiri tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Mo mọ̀ pé ìgbéraga wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó gba oyè yunifásítì nílé, tí wọ́n kò ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí níbí, tó ń gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì ní òru, tí ọmọ ọdún 22 ń pe orúkọ rẹ̀ gàdàgbà láìfi ohunkóhun síwájú rẹ̀, tó sì ń dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín nítorí owó ilé: ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ keje tí wọ́n pè é ní Ẹ́údà, tí àwọn ọmọdé kúnlẹ̀ kí i, ṣé ìgbéraga ni ká pe ìyẹn? Lójú tèmi, ìrẹ̀lẹ̀ yàtọ̀ sí ìrẹ̀sílẹ̀ tí ẹlòmíràn fi tipátipá ṣe fún ni. Ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ gbé sílẹ̀ ni ìrẹ̀lẹ̀; ó ní láti kọ́kọ́ ní nǹkan lọ́wọ́. Crowther ní oyè lọ́wọ́ nígbà tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan, kí ni yóò gbé sílẹ̀?

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ẹ́údà bá gbàgbé pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yá a lóyè náà, tó wá ń fi í kanra mọ́ ìyá àgbàlagbà tó ń fọ àwo lẹ́yìn ìsìn.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́, torí èdè ni iṣẹ́ wa. Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ "o" sí ẹni tó bá jù wá lọ, "ẹ" ni. Pásítọ̀, ẹ ṣé. Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àdúrà. Ọlọ́run, o ṣé. Ìwọ ni mo ń ké pè. Láti Bíbélì Crowther títí di òní, "ìwọ" ni a sábà máa ń pe Ọlọ́run. Àwọn oríkì òrìṣà àti ti ọba náà rí bẹ́ẹ̀. Akéwì tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọba á dìde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ìwọ". Nítorí náà, tí ọmọ tí a bí sí Peckham bá sọ fún bàbá àgbà rẹ̀ pé "o ṣé", tí gbogbo ilé fi pariwo lé e lórí pé kò ní ìrẹ̀lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú àdúrà, tó ń gbọ́ jù lọ, ló ti kọ́ Yorùbá tirẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí. Ẹ wá ìjọ Yorùbá kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ sì kọ gbogbo ibi tí ẹ ti gbọ́ "o", "ẹ" àti "wọ́n" sílẹ̀: ta ló sọ ọ́, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bọ́ ọ. Ìwé CMS lórí ọ̀rọ̀ Odò Ọya wà ní Yunifásítì Birmingham fún ẹni tó bá fẹ́ lọ ka lẹ́tà ọdún 1890 fúnra rẹ̀. Kí ẹni náà wá rí mi kó tó lọ, torí ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn kan nínú wọn kò rọrùn láti kà.